Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Lẹ́tà Dómèènì Yín Lọ sí Gmail Láìjẹ́ Pé Wọ́n Dá A Padà

Ẹni tó ní dómèènì tirẹ̀ (orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí example.com), tó sì ń darí ímeèlì tó bá wọ info@example.com lọ sínú Gmail rẹ̀, máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá ti dé. Kò tíì parí. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí wọn ní SPF tàbí DKIM (ẹ̀rí méjì tó ń fi hàn ibi tí lẹ́tà ti wá; àlàyé wọn àti ti DMARC ń bọ̀ nísàlẹ̀), kí ẹni tó bá sì ń fi lẹ́tà tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lójúmọ́ ní méjèèjì, kó tún fi DMARC kún un. Microsoft náà gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún Outlook.com ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Bí lẹ́tà yín kò bá tilẹ̀ ju márùn-ún lọ lóòjọ́, mo rọ̀ yín kí ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́ láyé àtijọ́. Ẹni tí wọ́n gbé e wá bá lè wo ojú ìránṣẹ́ bóyá ará ilé ẹni tó rán an ni, ó sì lè wo ìdì ẹrù náà bóyá wọ́n ti tú u lọ́nà. SPF ni wíwo ojú ìránṣẹ́: àkọsílẹ̀ kan ni nínú DNS (ìwé àkọsílẹ̀ dómèènì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), tó ka àwọn sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé lẹ́tà) tí dómèènì fún láṣẹ láti gbé lẹ́tà rẹ̀. DKIM ni èdìdì tí sáfà fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lù mọ́ lẹ́tà, tí ẹni tó gbà á sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ìta gbangba inú DNS yẹ̀ wò. DMARC ló ń bèèrè bóyá ọ̀kan nínú méjèèjì bá dómèènì tó wà níbi “From” mu, ó sì ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí lẹ́tà tí kò bá bá a mu.

Ìdarí lẹ́tà máa ń ba SPF jẹ́. Nígbà tí sáfà yín bá gbé lẹ́tà oníbàárà lọ sí Gmail, ìránṣẹ́ ti yí padà lójú ọ̀nà. Àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà sáfà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí Gmail ń wò jẹ́ tiyín, kò sì sí nínú SPF oníbàárà náà. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní SRS, tó máa ń yí àdírẹ́sì ìdápadà tó wà lára àpòòwé sí ti dómèènì ẹni tó ń darí lẹ́tà. SPF yóò yege lọ́nà yìí, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó darí lẹ́tà ló fi yege, kì í ṣe orúkọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà DMARC kò ní kà á sí. Èdìdì DKIM nìkan ló lè bá lẹ́tà náà dé òpin ìrìnàjò, bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí sáfà yín fi ọ̀rọ̀ kún àkọlé lẹ́tà tàbí kó lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré lè fọ́ èdìdì náà.

Ẹ jẹ́ kí sáfà sẹ́ spam kúrò kó tó darí lẹ́tà, torí bí ìdọ̀tí bá ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, orúkọ yín ni Gmail yóò fi mọ̀ ọ́n.

Fún lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín ń kọ, ẹ wọ ojú ewé DNS dómèènì yín. SPF gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ó bá di méjì, méjèèjì bàjẹ́, kò sì gbọdọ̀ fa ìwádìí DNS tó ju 10 lọ. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ DKIM lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń bá yín fi lẹ́tà ránṣẹ́, kó jẹ́ oní-2048 bit. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àkọsílẹ̀ TXT (irú àkọsílẹ̀ DNS tó jẹ́ ọ̀rọ̀) yìí sí _dmarc.example.com, kí ẹ fi dómèènì tiyín rọ́pò example.com:

v=DMARC1; p=none; rua=mailto:dmarc@example.com

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìdáhùn. Bí ẹ bá fi info@example.com dá oníbàárà lóhùn láti inú Gmail, tí ẹ sì lo sáfà smtp.gmail.com pẹ̀lú àkáǹtì Gmail lásán, èdìdì tí yóò wà lára rẹ̀ jẹ́ ti gmail.com, DMARC yín yóò sì kùnà. Sáfà iléeṣẹ́ tó ń fi orúkọ dómèènì yín lu èdìdì ni kí ẹ kọ síbi “Send mail as” nínú Settings Gmail.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ kọ lẹ́tà láti àdírẹ́sì tí kì í ṣe Gmail yẹn sí info@example.com, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lẹ́tà náà, kí ẹ sì yan “Show original”. Bí ẹ bá rí spf=fail, dkim=pass, dmarc=pass, ẹ má fòyà: ìránṣẹ́ ló yí padà, èdìdì ṣì wà digbí. Bí lẹ́tà bá padà pẹ̀lú nọ́ńbà àṣìṣe 550-5.7.26, ẹ̀rí ni kò ní tàbí ẹ̀rí tó ní kò yege. DKIM ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tí ìjábọ̀ DMARC tó ń wá sí àdírẹ́sì tó wà níbi rua bá ti fi hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé gbogbo lẹ́tà tòótọ́ yín ń yege, ẹ yí p=none (ẹ má ṣe nǹkan kan sí i) sí p=quarantine (ẹ jù ú sínú spam), kí ẹ tó wá gbé e dé p=reject (ẹ má gbà á rárá).