Bí A Ṣe Ń Tọ́ Bíà Bẹ́ljíọ̀mù Tí A Kò Mu Rí Wò

Bí ẹnì kan bá ti òkè òkun gbé ìgò bíà Bẹ́ljíọ̀mù bíi Duvel tàbí Westmalle bọ̀ wá sí Ọ̀fà tàbí Ọ̀mù-Àrán, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó rì í sínú yìnyín títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òtútù àmújù máa ń pa òórùn ọtí, òórùn yìí gan-an sì ni iyì rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ara ìgò. Agbára ọtí inú bíà lager tí a ń mu níbí ò ju nǹkan bíi 5% lọ. Duvel jẹ́ 8.5%, Westmalle Tripel (irú bíà Bẹ́ljíọ̀mù kan tó lágbára ni Tripel) jẹ́ 9.5%. Ẹni méjì lè pín ìgò kékeré kan. Ẹni tó fẹ́ gun ọ̀kadà, kó fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé e nàró sínú fíríìjì. Púpọ̀ nínú bíà wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fi ìwúkàrà àti ṣúgà díẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sígò, kó lè tún ho níbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló ń silẹ̀ sísàlẹ̀. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tó mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní fòyà.

Tó bá ku díẹ̀ kí ẹ mu ún, ẹ gbé e jáde. Bíà tó lágbára báyìí máa ń dára ní ìwọ̀n 8 sí 12°C. Nínú ooru Kwara, kì í pẹ́ tó fi dé ibẹ̀.

Ife wáìnì tó níkùn ni kí ẹ lò, kó mọ́, kó má lóròóró lára, torí òróró ń pa ìfófò. Ẹ dẹ ife náà, ẹ rọra dà á, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Ẹ lè gbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ tún gbọ́ kànáfùrù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi wọ́n sí i: ìwúkàrà ló ń mú òórùn náà wá. Bíà àlìkámà bíi Hoegaarden yàtọ̀. Èèpo ọsàn àti kóríáńdà wà nínú tirẹ̀ ní tòótọ́. Orúkọ ohun tí ẹ mọ̀ nílé ni kí ẹ fi pe ohun tí ẹ bá gbọ́.

Ẹ wá mu díẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Tripel lè dà bí ohun tó dùn níwájú ahọ́n, kó sì gbẹ, kó korò díẹ̀ ní ọ̀fun. Tó bá kan, ẹ wo irú èyí tó jẹ́: lambic, tí wọ́n ń pọn ní agbègbè Brussels, kíkan ni tirẹ̀. Tripel tó bá kan ti bàjẹ́.

Ẹ wá wàrà dídín Ìlọrin sí i, kí ata má pọ̀ lára rẹ̀, torí ata yóò bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ní ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì ní Orval, ní Bẹ́ljíọ̀mù, bíà àti wàràkàṣì ni wọ́n ń ṣe papọ̀, ọgbọ́n wọn sì dára. Ẹ jẹ wàrà díẹ̀, ẹ tún mu díẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ mi ìgò, kẹ́ ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù sínú ife, kẹ́ ẹ sì fi wé ti àkọ́kọ́. Yóò ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òórùn búrẹ́dì yóò sì wà nínú rẹ̀.