Ikùn, ṣúgà àti jẹjẹrẹ: ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ ká aṣọ kúrò, ẹ wá àárín eegun ìhà tó kéré jù nísàlẹ̀ àti orí eegun ìbàdí. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe máa ń mí, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bó bá ti ju ínṣì 31 àti ààbọ̀ fún obìnrin, tàbí 37 fún ọkùnrin, ewu ti ń pọ̀ nìyẹn. Ẹ má wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ ń so ṣòkòtò sí: abẹ́ ikùn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń so ó sí, iye ibẹ̀ á sì tàn wọ́n jẹ.

Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Kì í jẹ́ kí insulin, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ráyè ṣiṣẹ́, ara á wá máa tú insulin púpọ̀ sí i jáde, èyí sì ń ti sẹ́ẹ̀lì ara láti máa pọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti ń ráyè. Lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ọ̀rá yìí náà ló ń ṣe èròjà estrogen tó ń ran jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ọmọ lọ́wọ́. Ìsanrajù ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín pẹ̀lú. Àtọ̀gbẹ ń fi tirẹ̀ kún un, pàápàá ní ẹ̀dọ̀, ilé ọmọ àti pancreas, ẹ̀yà ara ẹ̀yìn ikùn tó ń ṣe insulin.

Oúnjẹ wa ní Kwara kò burú, bí a ṣe ń bù ú ni wàhálà. Kí àmàlà, túwó tàbí ọ̀dùnkún Ọ̀fà gba ìdá kan nínú mẹ́rin abọ́, kí ẹ̀fọ́ gba ààbọ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Wàrà sísè dára ju èyí tó ti mu òróró yó lọ. Ẹran màlúù àti ti ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ ju 500 grámù lọ lọ́sẹ̀. Ní ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ka ara ìgò: bí wọ́n bá kọ ṣúgà 10 grámù sí 100 ml, ìgò 50 cl ní 50 grámù nínú, ìyẹn bíi kúùbù ṣúgà méjìlá.

Ẹ̀pà ló yẹ ká kìlọ̀ lé lórí jù. Èyí tó hunjọ, tó dúdú, tó hu èébu tàbí tó korò lẹ́nu lè ní aflatoxin, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ ṣà á dànù kí ẹ tó yan ẹ̀pà, torí iná ìdáná kì í pa á tán. Ewu náà le gan-an fún ẹni tó ní hepatitis B, àrùn tí kòkòrò ń fà nínú ẹ̀dọ̀. Kúlíkúlí kì í jẹ́ ká rí irú ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe é. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á.

Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ láìjẹun. Bó bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni. Lára ẹ̀rọ tó ń ka mmol, 7.0 ni. Bó bá jẹ́ 100 sí 125 mg/dL, ìkìlọ̀ ni: ẹ dín okèlè kù, kí ẹ sì máa rìn kíákíá fún 30 ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń gún insulin gbọ́dọ̀ rí dókítà kí oṣù àwẹ̀ tó wọlé.

Bí ẹni tó ti ju ọdún 50 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tó sì ń rù láìdín oúnjẹ kù, ẹ má yọ̀ pé ó ń fọn. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ pancreas. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo dúró dè. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.