Bí mo ṣe fi ìgò àti òróró wo bí gbòǹgbò àgbàdo ṣe ń fara da omi

Gbòǹgbò máa ń mí. Ọ́síjìn tó wà láàárín èèpẹ̀ ló ń lò. Bí omi bá kún ibẹ̀, wàhálà dé, torí ìrìn ọ́síjìn nínú omi fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ. Síbẹ̀, gbòǹgbò kan á kú kíá, òmíràn á là á já. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i bóyá gbòǹgbò tó kọ́kọ́ rí ìkìlọ̀ máa ń ṣe dáadáa ju èyí tí omi bá lójijì lọ.

Àgbàdo funfun tí kò ní oògùn lára ni mo rà lọ́jà. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo wé e sínú bébà tútù, mo sì gbé e síbi tó ṣókùnkùn títí gbòǹgbò rẹ̀ fi gùn tó oríkèé ìka. Mo wá pín in sí méjì. Apá kan sùn nínú omi tó dúró sójú kan, tí ọ́síjìn rẹ̀ ń dín kù ṣùgbọ́n tí kò tíì tán; ìkìlọ̀ wọn nìyẹn. Apá kejì wà nínú bébà rẹ̀.

Omi ìdánwò gan-an ni mo sè títí ó fi hó dáadáa, torí ooru máa ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú omi. Mo dé e títí ó fi tutù, mo rọra dà á sínú ìgò méjì, mo kó àgbàdo sí i, mo sì da òróró ẹ̀pà lé e lórí. Ẹ má fo òróró yìí o. Òun ni kì í jẹ́ kí ọ́síjìn tètè padà wọlé.

Nígbà tí mo kó wọn jáde, mo dá díẹ̀ padà sínú bébà tútù. Àwọn tó ti gba ìkìlọ̀ tún ń gùn. Ṣóńṣó gbòǹgbò àwọn yòókù rọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, kò sì gùn mọ́.

Ṣóńṣó gbòǹgbò ìyókù ni mo gé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo lọ̀ ọ́ nínú odó kékeré lórí yìnyín, mo fi ẹ̀rọ yí i kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀, mo sì da ethanol, ìyẹn ọtí, àti NAD⁺, èròjà kékeré kan tó máa ń di NADH, sí omi tó tòrò lórí rẹ̀. Ensáìmù (èròjà tó ń mú kí nǹkan yára yí padà di òmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì) tí mo ń wá ni alcohol dehydrogenase. Nínú gbòǹgbò, ó ń sọ acetaldehyde di ethanol. Níbí, mo mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn, torí NADH tó ń jáde máa ń gba ìmọ́lẹ̀ 340 nm mu, NAD⁺ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ tí omi àwọn tó gba ìkìlọ̀ ń gbà mu yára gòkè ju ti àwọn yòókù lọ gan-an.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Kì í ṣe nítorí ọtí ni gbòǹgbò ṣe ń pọn ọtí. Nínú glucose kan, ìyẹn ṣúgà, sẹ́ẹ̀lì tó ń mí lè rí ATP, èròjà tó fi ń gbé agbára, bí 30. Láìsí ọ́síjìn, 2 péré ni. Láti rí 2 yẹn pàápàá, ó nílò NAD⁺, tó ń di NADH bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí NAD⁺ bá tán, gbogbo rẹ̀ dúró. Alcohol dehydrogenase ló ń dá a padà. Lactic acid ló kọ́kọ́ ń jáde, inú sẹ́ẹ̀lì á wá kan. Ìgbà tó bá kan díẹ̀ ni ensáìmù mìíràn, pyruvate decarboxylase, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí á sì darí iṣẹ́ sọ́nà ethanol tí kì í mú kí inú sẹ́ẹ̀lì kan. Onímọ̀ àbùdá kan, Drew Schwartz, fi hàn ní 1969 pé àgbàdo tí kò ní ensáìmù alcohol dehydrogenase kì í yè bọ́ lábẹ́ omi bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ṣíṣe ensáìmù fúnra rẹ̀ ń jẹ ATP. Gbòǹgbò tí omi bá lójijì ti di òtòṣì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ dín kù díẹ̀díẹ̀ ti kó ensáìmù jọ nígbà tí agbára ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé òjò tó rọra ń kún ilẹ̀ kò burú tó àgbàrá òru kan ṣoṣo.

Mo tún fi hóró ìrẹsì tí a kò tíì bó àti hóró àgbàdo gbígbẹ sínú ìgò olóròóró. Àgbàdo kò hù. Ìrẹsì hù, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú funfun nìkan ló yọ, kò ní gbòǹgbò rárá. Ìrẹsì lè ṣe amylase, tó ń fọ́ sítáàṣì di ṣúgà, kódà láìsí ọ́síjìn, nítorí náà ensáìmù ọtí rẹ̀ kì í wá ohun tí yóò lò tì. Ọ̀mùnú yẹn ló ń nà sókè lọ bá afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbòǹgbò tó lè yọ.