Bí ẹ ṣe lè fi àgékù aṣọ ṣe ọnà ara ògiri

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àgékù àdìrẹ àti aṣọ òkè yín nù o. Ẹ gé aṣọ funfun tó nípọn, bí ínǹṣì 8 níbùú lóòró, ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù lé e, kẹ́ ẹ wá to àgékù yẹn sórí ẹ̀, kí wọ́n gun ara wọn díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ rán an pọ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti rán an léraléra á lọ sílẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ò bá rán á wú sókè, ibẹ̀ gan-an lẹwà ẹ̀ wà. Etí aṣọ òkè máa ń tú, èmi fẹ́ràn kí n fa òwú ẹ̀ jáde díẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rán ìlà kan kó má baà tú tán. Ẹ lè so owó ẹyọ mọ́ ọn. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ o, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.