Tọ́málìn mi tí ìmọ́lẹ̀ ń jò nídìí

Owó tí mo san fún ẹni tó kọ́kọ́ gé tọ́málìn mi, òkúta iyebíye kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra òkúta náà ní Ọjọ́ọ̀, n'Íbàdàn. Káráàtì 6 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye) ló wọ̀n lẹ́yìn tó gé e tán, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì wù mí. Àmọ́ etí rẹ̀ nìkan ló ń dán. Àárín rẹ̀ ṣófo bíi gíláàsì fèrèsé. Mo gbé e lé ìwé ìròyìn, mo sì ń ka ìròyìn látinú rẹ̀! Ẹni tó gé e ní bí òkúta náà ṣe rí nìyẹn. Irọ́ gbuu.

Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wọ òkúta gbọ́dọ̀ kan ojú tí wọ́n gé sí ìdí rẹ̀, kó ta lu òdìkejì, kó wá ta padà sókè. Tí ojú ìdí tọ́málìn ò bá dà gẹ̀rẹ́ ju bíi dígírì 38 lọ, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún máa jò lọ nísàlẹ̀. (Ti dáyámọ́ńdì ò ju bíi 24 lọ, abájọ tó fi ń kọ mànà báyẹn.) Mo wọn tèmi: 35! Iye káráàtì tó bá kù ló fi ń gbowó, kí ló fẹ́ gé e jìn fún?

Mo yá ẹ̀rọ, mo tún ìdí rẹ̀ gé sí 41. Ìyẹn ò le rárá.

Dídán ló fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí mi. Gbogbo ojú ló gbà, àfi ọ̀kan péré. Bí mo bá ti ní ó ti jọ̀lọ̀, ilà tuntun á tún fà á. Ilà kan báyìí lẹ́yìn òkúta kì í ṣe ẹyọ kan tí a bá wò ó látòkè: àwọn ojú ìdí ń gbé àwòrán ara wọn, ó sì wà níbi gbogbo. Mo pààrọ̀ àwo tí mo fi ń dán òkúta, mo yí ọ̀nà tí mo ń gbà yí i padà, pàbó. Ìgbà tí mo bu ẹ̀tù dáyámọ́ńdì tí wọ́n tà fún mi láti fi dán òkúta sáàárín gíláàsì méjì, tí mo fi wọ́n ra ara wọn, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: kìrì, kìrì. Wọ́n ti da èyí tó hóró mọ́ ọn, wọ́n sì gba owó kúnná lọ́wọ́ mi! Mo fọ ohun gbogbo, títí kan èékánná mi, mo ra ẹ̀tù mìíràn níbòmíràn. Kò pẹ́ tó fi gbà.

Káráàtì 3 àti ààbọ̀ ló kù. Ó dùn mí, àmọ́ ẹ wá wò ó bó ṣe ń tàn yanran! Bí mo bá tún máa gbé iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, owó òkúta la ó dá, kì í ṣe owó káráàtì, èmi ni màá sì sọ iye dígírì.