Ẹ̀ẹ̀kẹta Tí Mo Wọ Inú Òjò Dídì: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Red Dead Redemption 2

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ géèmù Red Dead Redemption 2, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì pa á tì sínú òjò dídì. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò tilẹ̀ lo tó wákàtí kan nídìí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n gun orí òkè lọ wá John Marston, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó sọnù, oorun sì gbé mi lọ tòun ti páàdì lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi máa lajú, Arthur Morgan, ẹni tí mo ń darí nínú géèmù náà, ṣì wà lórí ẹṣin rẹ̀ lójú kan náà, tí òjò dídì ń bọ́ sí i léjìká. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ti parí géèmù yìí tipẹ́, kò yé sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà fara dà á. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ó máa yá.” Gbólóhùn ìparí yẹn gan-an ni ó ṣì mí lọ́nà, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá débẹ̀.

Nígbà tí mo gba ìsinmi ọdọọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo pinnu pé n ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún: n ó parí Orí Kìíní àti Orí Kejì, láìfo ìtàn kankan, láìtẹ fóònù nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kí n tó dájọ́. Orí mẹ́fà ni géèmù náà ní, pẹ̀lú àfikún ìparí tó pín sí apá méjì, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ dán wò kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Mo mú ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń kọ àsìkò tí mo bá jókòó àti àsìkò tí mo bá dìde sínú rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo ṣe.

Ìdúró ti bẹ̀rẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwo méjì ni ẹ̀dà PlayStation 4 tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní: ọ̀kan ni wọ́n fi ń da ẹrù géèmù náà sínú ẹ̀rọ, èkejì ni wọ́n fi ń gbá a. Mo ti pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo ń wá àyè fún géèmù bọ́ọ̀lù, nítorí pé àyè tó ń gbà lé ní 100 GB. Mo ti àwo àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, mo lọ wẹ̀, mo jẹun, mo fọ abọ́, ó ṣì ń da ẹrù. Dátà tí àtúnṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọdún 1899 ni ìtàn náà wà, nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí àwọn tó ṣe é fi ọwọ́ ara wọn dá. Ẹgbẹ́ adigunjalè kan tí Dutch van der Linde jẹ́ olórí rẹ̀ lọ jalè nílùú Blackwater. Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, wọ́n pàdánù èèyàn, wọ́n fi owó sílẹ̀, wọ́n sì sá gun orí òkè lọ nínú ìjì. Colter ni wọ́n sá sí, ìlú àwọn awakùsà tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi sílẹ̀ fún òtútù. Olè jíjà náà fúnra rẹ̀ kò ṣojú ẹni tó ń gbá géèmù. Àwọn tó sá ni wọ́n kó fún wa, ebi ń pa wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì kú kí wọ́n tó rí ibi jókòó sí. Ilé-iṣẹ́ Rockstar Games, tó gbé e jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2018, náà ló ṣe Grand Theft Auto, níbi tí èèyàn ti lè jí mọ́tò kó tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ojú ìyẹn wo èyí yóò rò pé wọ́n ta ohun mìíràn fún òun ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbé mi tẹ̀lé Dutch àti Micah, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, lọ sí ilé kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀ láàárín ìjì. Ẹgbẹ́ ọ̀tá wọn, àwọn O'Driscoll, ló wà níbẹ̀, ìbọn sì dún. Lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́, wọ́n ní kí n tú ilé náà kí n wá oúnjẹ fún àwọn tó kù ní Colter. Ibí yìí ni mo ti bínú dìde lákọ̀ọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, bí o bá ti fara kan àpótí báyìí, ohun inú rẹ̀ ti bọ́ sí ọ lápò. Arthur kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò rìn dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò na ọwọ́, yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò mú agolo kan jáde, yóò gbé e sójú, yóò wá tì í bọ àpò. Bí agolo kejì bá wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ tún di ọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò kí n máa rọ̀jò èébú, mo ka iye ìgbà tó na ọwọ́. Ìgbà tí mo ka á dé bíi mẹ́jọ mẹ́sàn-án, mo ṣàkíyèsí pé ilé ẹni kan ni mo ń tú. Ibùsùn wà níbẹ̀, ìdáná wà níbẹ̀, ẹnì kan ló to àwọn agolo yẹn síbi tí wọ́n wà. Kò pẹ́ tí Sadie Adler fi yọ. Òun ló ni ilé, àwọn O'Driscoll ti pa ọkọ rẹ̀, ó sì di pé kó tẹ̀ lé àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó oúnjẹ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé mo fo inú ilé yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, obìnrin kan lásán tó ń sunkún ni ì bá jẹ́ lójú mi.

Ohun tí n kò ní gbèjà ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Bọ́tìnnì ara páàdì kò tó iye iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lórí, àlàyé wá ń yọ ní igun òkè lápá òsì pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, nígbà mìíràn lásìkò tí ọta ìbọn ń kọjá lórí ẹni gan-an. Kí n tó ka ìlà kejì tán, ó ti lọ. Mo gbé àga mi sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ọmọdé tí wọ́n ti ń lé kúrò nídìí rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, iná lọ nígbà tí èmi àti Javier, ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, ti rí John, tí ìkookò ti ya á lójú, tí a sì ń gbé e bọ̀. Nígbà tí iná fi máa dé, ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni mo bá ara mi: gbogbo òkè yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ lójú ọ̀nà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná kì í dúró, kó yáa ka irú èyí mọ́ owó géèmù.

Ọdẹ tí èmi àti Charles, òun náà ọmọ ẹgbẹ́ wa, lọ ni ó kọ́kọ́ mú mi jókòó dáadáa. Iná ti jó Charles lọ́wọ́, kò lè fa ọrun, ó wá gbé ọrun náà fún Arthur. Bí a bá tẹ ọ̀pá méjèèjì orí páàdì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ ayé á ṣá, ipa ẹran á sì máa tàn lórí òjò dídì. A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń tọ ọ́. Mo ta ọfà kan, ó fò ó; àgbọ̀nrín sá, ó di pé ká tún máa wá ipa. Nígbà tí mo rí i pa, Arthur gbé e lé èjìká, òjò dídì mu ún dé orókún, mo sì tẹ bọ́tìnnì sísáré títí, kò sáré. Èmi nìkan nínú yàrá, mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò gbé àgbọ̀nrín odidi lé èjìká tí yóò máa sáré? Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọdẹ tó ń ti inú igbó bọ̀ ní ìdájí rí mọ bí ó ṣe ń rìn.

Orí Kìíní parí lẹ́yìn tí a dá ọkọ̀ ojú irin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Leviticus Cornwall lọ́nà. Ìwé mi sọ pé wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni mo lò, bí a bá yọ èyí tí iná jẹ kúrò. Kẹ̀kẹ́ ẹrù wa bọ́ ẹsẹ̀ létí odò lójú ọ̀nà, a tún un ṣe, òjò dídì ń tán nílẹ̀, koríko ń yọ, títí a fi dé Horseshoe Overlook, ibùdó wa tuntun, tí oòrùn ń ràn láàárín igi. Mo nà ró lórí àga. Mo ní ó yá, àsìkò tí àbúrò mi sọ ti dé.

Kò dé rárá. Nínú ibùdó yẹn, Arthur kì í sáré. Bí mo bá rọ́ páàdì fọ́, ìrìn jẹ́jẹ́ ni yóò máa rìn láàárín àgọ́. Máàpù tí wọ́n fi ń fo láti ìlú dé ìlú kò sí nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Owó ni a ó dá sínú àpótí ẹgbẹ́, a ó kọ́kọ́ tún ibùgbé Dutch ṣe, kí a tó tún ti Arthur ṣe, ibẹ̀ ni máàpù yóò ti jáde. Ìbọn ń dọ̀tí, a ní láti fi òróró nù ún. Irùngbọ̀n ń hù. Ẹṣin fẹ́ kí a bọ́ òun, kí a fọ ara òun, kí a máa fọwọ́ pa òun lọ́rùn kó tó gbọ́rọ̀ síni lẹ́nu, bí ó bá sì kú láìsí oògùn tí a fi lè jí i nítòsí, ó kú nìyẹn. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo ní, “Ìgbà wo gan-an ló máa wá yá?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti yá nìyẹn.”

Mo bínú sí i fún bíi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tó yé mi ju àlàyé rẹ̀ lọ, nílùú Valentine, níbi tí ẹrẹ̀ àti màlúù pọ̀ jù èèyàn lọ. Mo fẹ́ gun ẹṣin mi níwájú ilé ọtí. Bọ́tìnnì onígun mẹ́ta ni wọ́n fi ń gun ẹṣin, òun náà sì ni wọ́n fi ń dì mọ́ ẹni tó bá wà nítòsí láti bá a jà. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ti ara rẹ̀ ló bọ́ sáàárín èmi àti gàárì. Kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti gbé e ṣubú sínú ẹrẹ̀, ẹnì kan ti figbe ta, ẹlẹ́rìí ti sáré lọ fẹjọ́ sùn, àwọn agbófinró sì ń bọ̀. Wọ́n fi owó lé mi lórí fún ẹni tó bá mú mi, nítorí pé ọwọ́ mi yá jù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń dúró, n ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n ó yí ojú sí ẹṣin, kí n tó tẹ ohunkóhun. Géèmù náà kò yára ju bí ó ṣe wà ní Colter lọ. Ọwọ́ mi ló rọ̀ bá a, nígbà tí ó sì ti rọ̀, n kò ka iye ìgbà tí Arthur na ọwọ́ mọ́. Àbúrò mi kò purọ́ fún mi tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi máa retí ohun tí kò sí, mo sì gbà pé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí rẹ̀.

Ìrìn ẹṣin tó jìnnà kò jẹ́ wàhálà tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Bí mo bá ti fi àmì sí ibi tí mo ń lọ lórí máàpù, n ó di pátákó àárín páàdì mú títí àwòrán yóò fi dà bí ti sinimá, ẹṣin á sì máa tọ ojú ọ̀nà lọ fúnra rẹ̀ bí mo bá ti ń tẹ bọ́tìnnì eré sísá. Ọwọ́ kan tó mi fún ìyẹn; mo fi èkejì mu tíì.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìfalẹ̀ rẹ̀ ni mo gbà wọlé. Ìfalẹ̀ ti ara, ti ẹran tó wúwo àti ẹṣin tó fẹ́ ìtọ́jú, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ti inú iṣẹ́ ni mo kórìíra: gun ẹṣin tẹ̀ lé wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀, yìnbọn, gun ẹṣin padà, bí o bá sì yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀ láti gba ẹ̀yìn yọ sí ọ̀tá, wọ́n á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Gbogbo ilẹ̀ gbayawu yẹn, a ó wá so okùn mọ́ èèyàn lọ́rùn láàárín rẹ̀! Ìyẹn kò kọ́ mi ní nǹkan kan ní Colter, kò sì kọ́ mi ní nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdajì wákàtí lóòjọ́ ni ẹnì kan ní, n kò ní gbà á níyànjú pé kó bẹ̀rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni èèyàn fi ń ti ibùdó dé Valentine, kó fọ ẹṣin, kó jẹun, kó sì padà.

Nínú Orí Kejì, Strauss, tó ń yá àwọn èèyàn lówó èlé fún ẹgbẹ́, rán mi lọ sin gbèsè. Nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, ológò máa ń lọ jókòó ti onígbèsè títí ojú yóò fi tì í. Ẹ̀ṣẹ́ ni Arthur ń fi sin tirẹ̀. Ó ti pẹ́ lálẹ́, iṣẹ́ náà kò gbádùn mọ́ mi, ó sì kù díẹ̀ kí n tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fo ìtàn, ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún ara mi. Onígbèsè tó kẹ́yìn, Thomas Downes, wà nínú ọgbà rẹ̀. Arthur fà á mọ́ ọgbà, ó ń lù ú, ọkùnrin náà wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ sì ta sí Arthur lójú. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sáré jáde. Arthur nu ojú, ó lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì lọ sùn: “Gbèsè Strauss. Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.”

Oṣù kan ó lé ni mo fi dé Orí Kẹfà lẹ́yìn ìgbà náà. N kò ní sọ ohun tí mo bá níbẹ̀ fún ẹni tí kò tíì débẹ̀. Mo dá géèmù náà dúró, mo ṣí ìwé kékeré yẹn, mo wá ojú ewé náà rí, mo sì fi báírò pa ìlà rẹ̀ kejì rẹ́.