Bí ẹ ó ṣe lọ wo àgbà olórin tí ẹ ti ń gbọ́ láti kékeré

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ gbé àwo náà pamọ́. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ eré pé, ẹ má gbọ́ ọ mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi fóònù gbé e sí yín létí. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ń gbọ́ nídìí maṣíìnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo máa fi dé gbọ̀ngàn náà ní Ìkẹjà, ohùn ọmọkùnrin ẹni ọdún 27 ló kún etí mi. Bàbá tó jáde sí wa ti lé ní 70 ọdún, ọmọkùnrin méjì ló sì di apá rẹ̀ mú gun sítéèjì.

Ẹ má wulẹ̀ máa méfò: kì í ṣe Sunny, kì í sì í ṣe Obey. Eléré jùjú ni, ẹ jẹ́ ká fi mọ síbẹ̀. N ò ní dárúkọ rẹ̀ torí ohun tí mo fẹ́ sọ ò dùn tán, bàbá mi sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé bí mo bá bú u, bàbá mi á dá mi lóhùn láti ibi tó wà.

Akọ̀wé ni bàbá mi, ní Sẹkitéríàtì, Agodi, n'Íbàdàn. Nígbà tí owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde ní 1975, àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan fẹ́yàwó kún ìyàwó. Bàbá mi ra gírámafóònù onísípíkà méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì ló ra àwo tí mò ń wí yìí. Kò pé oṣù kan sí i tí àbúrò mi ọkùnrin fi ṣíbí ha ojú kejì rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibẹ̀, ibi tí olórin ti ń kí ẹnì kan bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á fò páà, àfi ká gbọ́ àwọn elégbè tí wọ́n ń dáhùn ohun tí a ò gbọ́. Bàbá mi na ọmọ náà, kò sì ra òmíràn. Bí a ṣe ń kọ orin yẹn nílé wa nìyẹn, pẹ̀lú fífò rẹ̀. Bí a bá ń jó, a ti mọ ibẹ̀, gbogbo wa la jọ máa ń ta ẹsẹ̀ kan sókè.

Ẹ wá orin tí ẹnì kan fi fóònù ká sílẹ̀ láìpẹ́ yìí níbi tó ti ṣeré, bó tiẹ̀ ń dún ganríganrí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Á dùn yín. Ilé ló dáa kó ti dùn yín, kó má jẹ́ ojú agbo níbi tí ẹ ti wọṣọ ẹgbẹ́ jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè irú òde tí ẹ ń lọ. Bó bá jẹ́ ìnáwó ni, ìyẹn ọjọ́ ìbí tàbí òkú àgbà, ẹni tó ń náwó ló pè é, òun àti àwọn àlejò rẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́ orúkọ ara wọn. Bó bá jẹ́ ti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má rò pé ìyẹn yàtọ̀ púpọ̀. ₦15,000 ni mo ra tèmi, àga oníke ní ẹ̀yìn. Níwájú wa ni tábìlì wà, àwọn èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá jọ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọtí sì wà lórí rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni bàbá yìí fi kí àwọn tábìlì. Ogójì! Mo ń wo aago. Ó kí ẹni tó ni ilé epo, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí ẹni tí wọ́n jọ wá, ó béèrè orúkọ ọmọ wọn. Èmi tí mo ti ń kọrin rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì, n ò jẹ́ nǹkan kan. Inú bí mi, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní ti àsìkò: aago méje ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ bánńdì bẹ̀rẹ̀ sí í so wáyà ní aago mẹ́sàn-án, bàbá jáde nígbà tí aago méjìlá ti kọjá lógún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ sùn lọ́sàn-án. Ẹ jẹun nílé, ẹ mú ìborùn dání torí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ wọ bàtà tí ẹ lè fi jó. Bó bá jẹ́ òkèèrè lẹ ti ń bọ̀ bíi tèmi, ẹ má rò ó pé ẹ ó padà lóru. Mo wọ ọkọ̀ n'Ìwó Road lọ́jọ́ Sátidé, mo bọ́ ní Bérger, mo sì sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi l'Ágége. Ẹni tó fi ṣíbí ha àwo náà ni. Òun ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ gbé mi bọ̀, ìyà sì jẹ ẹ́, torí òun náà sanwó.

Ibi tí ẹ máa jókòó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ sá fún iwájú sípíkà. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ tí àwọn onílù wà, kódà bí ẹ ò bá rí ojú olórin tán. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ má ná owó lé e lórí. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, ọwọ́ á máa yún yín. Ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà sí èèyàn lórí lóde tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san ₦50,000 ó kéré tán, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀. Tẹ́lẹ̀, àwa náà ń fi í ṣàwàdà, àmọ́ EFCC ti ń mú èèyàn lé e lórí. Níbi tí mo lọ, pátákó kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéèjì tí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí. Bẹ́nì kan bá ti fowó ránṣẹ́, fóònù akọ̀wé bánńdì á tàn, akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí onígángan, ìlù á sì pe orúkọ onítọ̀hún kí bàbá tó gbà á. Mo gbà fún wọn. Mo fi ₦2,000 ránṣẹ́. Ìlù ò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ má jókòó máa dúró de orin yín bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Ojú kan àwo nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, àwọn eléré jùjú sì ti máa ń so orin pọ̀ mọ́ orin nínú rẹ̀ láìdúró. Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé àwo King Sunny Adé tó ń jẹ́ Juju Music jáde fún àwọn òyìnbó ní 1982, wọ́n jẹ́ kí orin kúrú, kí oníkálukú dá dúró. Lójú agbo, kò sí ojú kìíní, kò sí ojú kejì. Ó lè fi orin wọ orin fún wákàtí kan àbọ̀, kí èyí tí ẹ fẹ́ràn yọjú lẹ́sẹ̀ méjì péré kó sì wọlé padà. Ẹni tó bá lọ tọ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ó wá ku ìgbà tó bá la ẹnu.

Gìtá ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí etí mi ti ń retí rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ gun àtẹ̀gùn tí wọ́n ti yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti rẹ orin náà sílẹ̀ fún un. Òkè ohùn ló máa ń kọ́kọ́ lọ lára àgbà, èémí á sì kúrú. Bàbá wá kọ ìlà àkọ́kọ́, ohùn náà tínrín, ó gbẹ, ó ń mì ní ìparí ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí mi rẹ́rìn-ín. Ó ṣe mí bíi pé kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bíi pé kí n dìde máa lọ. Kì í ṣe pé gbogbo àgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀ o: Fatai Rolling Dollar ti lé ní 80 ọdún nígbà tó kú ní 2013, ó sì ń ṣeré. Ara kò kàn dọ́gba.

Iṣẹ́ mi ló gbà mí. Mo ní oníbàárà kan tí mo ti ń ránṣọ fún láti 1996, ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Ọdún tó kọjá, mo fi ojú wo ìwé, mo gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n, aṣọ náà sì rọ̀ sí i lára bí ẹni pé ó yá a wọ̀. Òun kọ́ ló ṣẹ̀. Mo jókòó sórí àga oníke yẹn, mo sọ fún ara mi pé kí n tún bàbá wọ̀n.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù nìyí. Ibi tí ohùn rẹ̀ ò bá dé mọ́, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń gbè é ló ń bá a lọ síbẹ̀. Ibi tí èémí bá sì ti tán, onígángan á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé gángan ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé sọ́wọ́ rẹ̀, àwa náà sì ti mọ ọ̀rọ̀ orin náà lórí. Bàbá á kọ ìdajì ìlà, ìlù á sọ ìyókù, gbogbo gbọ̀ngàn á gbọ́ odindi. Ó tó ìgbà mẹ́rin kí n tó rí i pé kò kọ ọ́ tán. Onílù náà ti hewú. Ojú ẹnu bàbá ló ń wò ní gbogbo àsìkò yẹn, kò wo ìlù rẹ̀ rárá.

Ẹ máa wo ọwọ́ olórin pẹ̀lú. Wọ́n gbé àga fún un, ó gbé gìtá lé itan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ kan wà lẹ́yìn tó ń ta gìtá tẹ́nọ̀, ọmọ tó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń da iyọ̀ sí i jù. Bàbá ò yíjú padà. Ó ń bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó kàn gbé ìka tó kéré jù lára ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kúrò lórí gìtá, ó fì í lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ọmọ náà yọ ìdajì ohun tó ń ta kúrò. Lójú ẹsẹ̀, orin náà jókòó, bí aṣọ ṣe ń jókòó síni lára nígbà tí a bá tú ojú rírán kan ṣoṣo. Bánńdì ẹni méjìdínlógún, ìka kan. Mo dìde dúró, n kò sì jókòó mọ́.

Aago méjì ti kọjá dáadáa nígbà tó bọ́ sí orin wa. Mo ń bá a kọ ọ́ lọ, àbúrò mi náà ń kọ, a dé ibi tí ṣíbí ti ha á. Àwa méjèèjì fò. A ta ẹsẹ̀ sókè láìmọ̀. Gbogbo èèyàn tó kù ń bá bàbá lọ tààrà, ó sì ń kọ ohun tí n kò gbọ́ rí láyé mi, nínú ohùn tínrín yẹn, láì sí ìlù tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Láti 1977!

Kọngílátọ̀ kan ni. Orúkọ kọngílátọ̀ kan, orúkọ àdúgbò tó kọ́lé alájà méjì sí, àti irú ọkọ̀ tó ń gùn. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà ti kú. Bóyá òun náà jókòó ní tábìlì iwájú nígbà ayé rẹ̀, tí ẹnì kan sì wà lẹ́yìn tó ń wo aago. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di àga mú. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tèmi.

Bí ẹ bá ń padà lọ, ẹ má dá ẹni tó bá ní "báwo ló ṣe rí?" lóhùn lójú ọ̀nà. Àbúrò mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?" Mo ní mo gbádùn ẹ̀. Nígbà tí a dé Ọgbà, mo ní owó mi ṣòfò. Nígbà tí a ń wọ Agége, mo ń kọ orin ọ̀hún. Ó ní kí n lọ sùn.

Kí ẹ tó tún gbé àwo náà sí i, ẹ fún un lọ́jọ́ díẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fún un. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wa wà báyìí, gírámafóònù náà sì wà níbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ń nu ojú kejì, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó kọ ọ́?"

Mo ní, "Ó kọ ọ́, mà."

"Ṣé ó dé ibi tó ti máa ń fò?"

Mo ní ó dé ibẹ̀. Wọn ò bi mí ní ohun tó wà níbẹ̀, èmi náà ò sọ. Ohùn ọmọ ọdún 27 jáde, ó dán, ó ń lọ sókè bó ṣe wù ú. Ìyá mi ń mi orí lórí àga. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ibẹ̀, ó fò, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Èmi náà gbé tèmi.